Kóòdù àìsàn wo ni ká kọ, M54.5 ni àbí S33.5? Ẹ̀yìn tó rọ́ níbi iṣẹ́

Ìbéèrè:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé owó ìtọ́jú ní ọ́fíìsì dókítà kan níbí l'Amẹ́ríkà. Aláìsàn wa kan ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́, ó ṣubú. Ohun tí dókítà kọ ni "lumbar sprain, SI joint sprain", ìyẹn ni pé iṣan tó so eegun mọ́ eegun rọ́ ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ní oríkèé ìdí. M54.5, kóòdù ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ni ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé kọ sínú ìwé owó tó fi ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò sì dá a padà. Bàbá àgbà ni, ẹ̀rù gbèsè ń bà á, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn 1:
Àbúrò, M54.5 lásán kò ṣeé fi ránṣẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2021 ni wọ́n ti pín in sí M54.50, M54.51 àti M54.59. Ká tiẹ̀ ní M54.50 ni wọ́n kọ, ìrora ẹ̀yìn nìkan nìyẹn ń sọ. Bí dókítà bá ti dárúkọ ìpalára tó fa ìrora, ìpalára yẹn là ń kọ. S33.5 ni ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, S33.6 ni ti oríkèé ìdí tí wọ́n ń pè ní SI. Kọ méjèèjì. Àmì méje ni kóòdù náà gbọ́dọ̀ ní, X la fi ń dí àyè tó ṣófo: S33.5XXA, S33.6XXA. Bí X kan bá dín, wọ́n á tún dá a padà ni.

Ìdáhùn 2:
Ẹ kíyè sí lẹ́tà A tó gbẹ̀yìn kóòdù yẹn dáadáa o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn wá nìkan ló wà fún. Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń tọ́jú ìpalára náà gan-an, A ni, kódà bó bá lọ bá dókítà mìíràn. Ìgbà tí ara bá ti ń bọ̀ sípò la tó ń fi lẹ́tà D rọ́pò rẹ̀.

Ìdáhùn 3:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣan tó so eegun mọ́ eegun ló rọ́ lóòótọ́, àbí iṣan ẹran ẹ̀yìn ló fà? S39.012A ni ti èkejì. Bí ìwé dókítà kò bá yé yín, ẹ bi í, ẹ má fúnra yín yàn. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ibi iṣẹ́ ló ti ṣubú. Ta ni wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí? Adójútòfò agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló sábà máa ń san irú owó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe adójútòfò ìlera tirẹ̀.

Ẹni tó béèrè:
Háà! Adójútòfò ìlera rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ ṣeun gan-an ni. Màá pe bàbá náà lónìí, kí n bi í bóyá agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti gbọ́ nípa ìṣubú náà, kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.