Ẹ̀rọ wo ló lè sọ pé oúnjẹ inú fíríìjì ṣì dára?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n ń polówó ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbóòórùn ẹran àti ẹja, tó sì ń tan iná pupa bí wọ́n bá ti bàjẹ́. Ṣé ká rà á? Oúnjẹ tí à ń dànù ti pọ̀ jù.

Bọ̀dá Ẹnjiníà: Ẹ má tíì rà á, mà. Gáàsì bí amóníà tó ń jáde lára ẹran tó ń bàjẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wá. Sẹ́ńsọ̀ MQ-135, tó wọ́pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín amóníà, ọtí àti èéfín, ọ̀rinrin inú fíríìjì sì máa ń dà á láàmú. Èyí tó burú jù ni pé Listeria àti Salmonella, àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn, kì í mú oúnjẹ rùn. Iná pupa lè má tàn rárá, kí inú sì máa run èèyàn lọ́la. Òtútù àti àkókò ni ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n wọ̀n. Tẹmómítà ni kí ẹ rà.

Fíríìjì kò gbọdọ̀ ju 4°C lọ, fíríìsà −18°C. Ẹ kọ́kọ́ dán tẹmómítà wò: ẹ kó yìnyín wẹ́wẹ́ kún ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ wá ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí kò bá ka 0°C, ẹ rántí iye tó fi yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ki tẹmómítà náà bọ inú ife omi lórí pẹpẹ àárín fíríìjì di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ máa ń gbóná gbàrà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Omi ló ń ṣe bí oúnjẹ gan-an. Bó bá ṣì ju 4°C lọ, ẹ fi ilẹ̀kùn há bébà kan. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gbó tàbí kó dọ̀tí.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀gbọ́n, sẹ́ńsọ̀ Bluetooth tí wọ́n ń fi sínú fíríìjì láti wọn òtútù máa ń já. Kí la lè ṣe sí i?

Bọ̀dá Ẹnjiníà: Irin ara fíríìjì ló ń dí i lọ́wọ́. Nínú fíríìsà, òtútù tún máa ń jẹ́ kó rẹ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032. Fi ESP32, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ní Wi-Fi, síta, kí DS18B20, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn òtútù, nìkan wọlé, kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ rọ́bà kọjá. Má gbàgbé rẹsísítọ̀ 4.7 kΩ láàárín wáyà dátà àti 3.3 V, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ −127, nọ́ńbà àṣìṣe, lo máa rí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Àkókò ńkọ́? Báàkóòdù onílà ara ọjà kò gbé ọjọ́ tí oúnjẹ máa bàjẹ́ dání, nọ́ńbà ọjà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ ọjọ́ sínú áàpù tó ń ránni létí. Ẹ jẹ́ kó rán yín létí ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí àyè lè wà láti sè é tàbí kó o sí fíríìsà. Nínú àkọlé ọjọ́ ara páálí, lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, Use By ni ti ààbò. Best Before, adùn ni wọ́n ń sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí ẹ̀ da nǹkan nù. Bí ẹ bá sì ti tú u, ọjọ́ ara páálí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Oúnjẹ sísè, ọjọ́ 3 sí 4. Ẹ má gbé odidi ìkòkò gbígbóná wọ fíríìjì: àárín rẹ̀ á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń bí sí i. Ẹ bù ú sí abọ́ pẹlẹbẹ, kó má jìn ju 5 cm lọ, kó sì wọlé kí wákàtí 2 tó pé. Ìrẹsì tó bá sùn síta, ẹ dà á nù. Májèlé tí kòkòrò Bacillus cereus ń tú sínú rẹ̀ kò gbọ́ ti iná.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Bí iná bá wá lọ ńkọ́?

Bọ̀dá Ẹnjiníà: Ẹ má ṣí i. Fíríìjì á ṣì tutù fún wákàtí 4, fíríìsà tó kún 48, èyí tó kún dé ìdajì 24. Bí iná bá dé, ẹ wo ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ sílẹ̀: ẹran tó ti ju 4°C lọ fún wákàtí 2, ẹ má tọ́ ọ wò. Ẹ fi páwà báǹkì sídìí ESP32 o, kí ó sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú ara rẹ̀, torí bí iná bá lọ, Wi-Fi náà ti lọ.