Ìdí ìkòkò ọkà ní Ìbàdàn ni mo ti mọ oúnjẹ

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa oúnjẹ ìlú yín, ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú àti láfún Ẹ̀gbá, mo sì gbádùn ẹ̀ gan-an. Ẹ wá jẹ́ kí n gba ẹnu Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ìlú tí oúnjẹ kún inú oríkì ẹ̀ ni tiwa: Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Nígbà tí Lágelú àtàwọn èèyàn ẹ̀ sá gun orí òkè, òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín náà ló di ife ẹ̀kọ wọn. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí ọmọ Ìbàdàn ń kí ara ẹ̀ tí kò ní dárúkọ oúnjẹ.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mo dàgbà sí, ní agboolé kan nísàlẹ̀ Màpó, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Ọkà, ìyẹn àmàlà, ló ń tà. Ìyá Ọlọ́kà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Màmá ni àwa ọmọ ilé ń pè é. Búkà ẹ̀ kì í ṣe ilé ńlá: páànù lórí òpó igi, bẹ́ǹṣì gígùn, tábìlì tí wọ́n tẹ́ rọ́bà lé, àdògán méjì lẹ́yìn, kẹ́tùlù omi àti abọ́ ìfọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti ń jí wa.

Iṣẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ pè wá ni ẹ̀wà gbẹ̀gìrì. A ti rẹ ẹ́ sómi lálẹ́. À ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á, èèpo á léfòó, a ó dà á dànù, a ó tún bu omi míì sí i, títí ẹ̀wà á fi funfun láìku ojú dúdú kan. Màmá á wá gbé asẹ́ súnmọ́ àtùpà, á fi ìka yí ẹ̀wà náà kiri. Bó bá rí èèpo, kò ní pariwo. "Ẹ padà sídìí omi, ẹ̀yin ọmọ mi," ló máa sọ, a ó sì padà. Èèpo ló ń sọ gbẹ̀gìrì di dúdú, òun ló sì ń jẹ́ kó máa há èèyàn lọ́fun. Nínú gbogbo ohun tí mo rí nídìí òwò yìí, kò sí èyí tó ń fi ọlọ́kà gidi hàn tó bíbó ẹ̀wà, nítorí oníbàárà kì í rí i. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa, ó ṣe é nítorí pé ó fẹ́ kí oúnjẹ òun dáa ni.

Ẹ̀wà á hó títí á fi fọ́ fúnra ẹ̀. Ìjábẹ̀ ni wọ́n á fi lù ú, wọ́n á sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà ni ata, irú, iyọ̀ àti epo pupa díẹ̀ á wọ inú ẹ̀. Epo díẹ̀ ni mo wí o. Àwọ̀ ìyeyè ló yẹ kí gbẹ̀gìrì ní, kò yẹ kó pọ́n. Gbẹ̀gìrì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kíákíá ló máa ń kan, àgàgà nígbà ooru, ìdí nìyẹn tí ọlọ́kà tó mọṣẹ́ fi ń se ìwọ̀n tó máa tán kílẹ̀ tó ṣú. Tí ẹ bá dé búkà kan nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ní gbẹ̀gìrì ti tán, ẹ má bínú sí wọn. Ibi dáadáa lẹ dé, ẹ tètè wá lọ́la.

Ewédú ni tàwọn ọmọ kékeré. Ewé nìkan là ń já, igi ẹ̀ ò gbọdọ̀ bá a wọlé. Omi á hó, irú á wọ ọ́, kánún tí kò ju orí èékánná lọ á tẹ̀lé e, ewédú á wá wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Wọn kì í dé ìkòkò ẹ̀. Ìjábẹ̀ á bẹ̀rẹ̀: ṣà, ṣà, ṣà. Gbogbo agboolé ló máa ń gbọ́ ọ, àwọn awakọ̀ tó ń sùn nínú mọ́tò á sì ti mọ̀ pé oúnjẹ ò ní pẹ́ jinná. Ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ ṣe máa ń fà, síbẹ̀ ahọ́n ṣì ń bá ewé wẹ́wẹ́ pàdé nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bílẹ́ńdà lọ̀ máa ń kúná jù, á ru fòòfòò, á sì tètè dà bí omi. Mo mọ̀ pé bílẹ́ńdà ń gba èèyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, mi ò sì dá ẹni tó ń lò ó lẹ́bi nínú ilé ara ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbowó mi, kó jọ̀ọ́ fi ìjábẹ̀ jà fún mi.

Ní ti èlùbọ́, Màmá kì í ra èyí tí wọ́n ti lọ̀. Gbódó ló ń lọ rà ní ọjà Bódìjà, lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti Òkè-Ògùn: Ṣakí, Kíṣí, Ìgbòho. Mo máa ń bá a lọ. Á mú gbódó kan, á gbé e súnmọ́ etí, á ṣẹ́ ẹ. Èyí tó gbẹ dénú á dún pàù. Èyí tí omi ṣì kù nínú ẹ̀ á tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni á gbé ojú ibi tó ti ṣẹ́ sí imú. Iṣu tí wọ́n bẹ ni, tí wọ́n bọ̀ sínú omi gbígbóná tí wọn ò jẹ́ kó hó, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nínú omi náà mọ́jú kí wọ́n tó sá a. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí tó dáa jù máa ń wọlé, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà ń tètè gbẹ ẹ́. Èyí tí òjò bá ká mọ́ orí àpáta á bu, kò sì sí irú ọbẹ̀ tó lè bo òórùn ẹ̀.

Àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ ẹ̀ pọ̀ ní oríṣi. Awakọ̀, bíríkìlà, alábàárù, àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà aṣọ òfì ní Ọ̀jẹ́, lọ́yà tó jáde ní kóòtù Màpó pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó sí. "Ẹ kú ìdáná o, Ìyá. Abùlà ni tèmi, ẹ jẹ́ kí gbẹ̀gìrì pọ̀ ju ewédú lọ. Ṣàkí kan, pọ̀nmọ́ méjì." Màmá á ti máa fi igbá kékeré tó rẹ sómi kọ ọkà kí ẹni náà tó sọ̀rọ̀ tán. Tí ọkà bá sì kù díẹ̀ kó tán nínú abọ́, wàá gbọ́ "Ìyá, ènì dà?" Ènì Màmá kì í tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bèèrè tí kò rí gbà. Ọmọdé tí wọ́n bá rán wá ra oúnjẹ kì í sì í bèèrè rárá: ẹran wẹ́wẹ́ á ti wọ ọwọ́ ẹ̀.

Baba kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ réluwéè. Kó tó fọwọ́ ló ti máa ń ki oúnjẹ sókè: "Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Àwọn yòókù á gbè é. Ìgbà kan wà tí owó ìfẹ̀yìntì Baba kò jáde fún ìgbà pípẹ́, Baba ò wá mọ́. Màmá rán mi lọ pè é. "Sọ fún Baba pé mo ní kí wọ́n wá jẹun, mi ò ní kí wọ́n wá sanwó." Baba wá, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, Màmá bu oúnjẹ fún un bó ṣe máa ń bù ú, ẹran kò dín. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Nígbà tí owó jáde, Baba gbé igbá tuntun tó ti Ọ̀yọ́ rà wá fún un, ó ní kó máa fi kọ ọkà. Ó fi kọ ọ́ títí ó fi sán.

Ọjọ́ tí Màmá ń sinmi gidi ni ọjọ́ Òkèbàdàn, ọdún ìbílẹ̀ Ìbàdàn, nínú oṣù kẹta. Wọn kì í dáná ní agboolé wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ tútù àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a ti sè sílẹ̀ là ń jẹ, nínú ewé, láìgbóná. Mo fẹ́ràn ọ̀lẹ̀lẹ̀ ọjọ́ kejì yẹn débi pé títí di òní mo máa ń fi tèmi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Èèyàn ò lè sọ̀rọ̀ ọkà Ìbàdàn kó má dé Mọ̀lété. Ilé Olóyè Làmídì Adédibú tó wà níbẹ̀, olóṣèlú ńlá tó kú ní 2008, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì jẹ́ kí gbogbo Nàìjíríà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òṣèlú àmàlà, ìyẹn fífi oúnjẹ fa èèyàn mọ́ra nínú òṣèlú. Èrò tèmi ni pé abọ́ ọkà ò lè dípò iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ náà bú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, mi ò bá wọn lọ. Ẹni tí ebi ń pa kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Màmá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń tà á ní Àgbowó, òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Mo máa ń lọ jókòó tì í. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, gbogbo nǹkan tó ń fi ọkọ̀ wọ Bódìjà ló gbówó lórí: gbódó, ẹ̀wà, irú, ata. Ọkà tí owó kan náà ń rà ti kéré. Ènì ló kọ́kọ́ lọ. Ó dun àbúrò mi, ó sọ fún mi pé ojú ń ti òun tí àgbàlagbà bá bèèrè. Ohun tó ṣe ni pé ó dín ẹran kù, ó ní òun ò ní da omi lu gbẹ̀gìrì. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jẹ níbẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn kì í kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Gáàsì ló fi ń se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n igi ló ṣì fi ń ro ọkà, ó ní iná gáàsì ò lè gbé ìkòkò ńlá yẹn bó ṣe yẹ.

Mo ti bá òdìkejì ẹ̀ pàdé. Ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ni, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Wọ́n gbé gbẹ̀gìrì wá, ó ki pọ̀jọ̀. Mo tọ́ ọ wò, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi mú un ki. Mo pe ọmọbìnrin tó gbé e wá, mo rọra bi í. Ó ní, "Mà, bí àwọn oníbàárà wa ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn." Ọmọ náà ò lẹ́ṣẹ̀, mo sanwó mi, mo lọ. Ṣùgbọ́n inú bí mi: ẹ̀wà ò wọ́n tó ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun míì tó ń dùn mí ni ọ̀rá. Ọkà tó ń hó ni wọ́n ń dì sínú ẹ̀, tí wọ́n ń tò sínú kúlà láti àárọ̀ dọ̀sán. Ewé eéran kò tíì tán ní ọjà o. Àwọn ẹlẹ́kọ ṣì ń lò ó, àwọn tó ń ta ìrẹsì ọ̀fàdà ń lò ó. Ewé máa ń fi òórùn tiẹ̀ kún oúnjẹ, ọ̀rá kò ní nǹkan kan tó máa fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọmọ oníyán pọ́ńbélé. Mo mú un lọ sí Àmàlà Skye ní Bódìjà, èyí tó gba orúkọ lára báǹkì tó wà nítòsí ẹ̀. Báǹkì Polaris ti rọ́pò báǹkì Skye náà ní 2018, àmàlà ṣì ń jẹ́ tiẹ̀. Èrò pọ̀, a tò. Ó jẹ ọkà náà, kò sọ pé ó dùn, kò sọ pé kò dùn. Ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì ni kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní ká lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, ó gbé iyán dání láti ilé ìyàwó ẹ̀, ó ní kí wọ́n da gbẹ̀gìrì sí i. Àbúrò mi wò mí, ó dà á sí i. Mo tọ́ ọ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó bára mu! Èkìtì, ẹ dán an wò.

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, kó má dé lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Kó tẹ́tí sí ìró ìjábẹ̀ kó tó jókòó. Tó bá sì fẹ́ nǹkan míì lẹ́yìn ọkà, wàrà àti fúrá wà ní Sábó, Mọ́kọ́lá, lọ́wọ́ àwọn tó ti ń tà á níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ wá bá mi dá sí i: ta ló mọ ibi tí wọ́n ṣì ń fi ewé pọ́n ọkà láàárín Ìwó Road sí Gbági Tuntun? Ẹnì kan sọ fún mi pé ìyá kan ń ṣe é lọ́nà ibẹ̀, kò sì rántí àdúgbò ẹ̀. Mo máa wà níhà ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.