Ẹ má jẹ́ ká pè é ní "ìró ikú"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

A ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìtọ́jú ẹni tó ń kú lọ, onírúurú orúkọ lẹ sì ti dábàá. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìró ikú" fún ìró tó máa ń ti ọ̀fun aláìsàn jáde nígbà tó bá ku díẹ̀ kó dákẹ́ ("death rattle" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Wọ́n ní ó yẹ kí ẹbí mọ ibi tí nǹkan dé, kí wọ́n lè tètè ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ tó wà lókèèrè. Òótọ́ ni, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Àmọ́ n kò gbà pé inú orúkọ ló yẹ ká ti sọ ọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti máa ń pe orúkọ yìí, létí ẹni tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ṣeé ṣe kó ṣì máa gbọ́ wa bí kò tilẹ̀ lajú. Ta ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀, tí yóò wá máa sọ pé "ìró ikú Màámi ti bẹ̀rẹ̀"?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń dún gan-an. Gbogbo wa là ń pọ itọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sì ń ti àyà gòkè. À ń gbé e mì láìfura, tàbí ká wúkọ́ kó jáde. Bí okun bá tán nínú aláìsàn, tí kò jí sáyé mọ́, kò ní lè gbé e mì, kò sì ní lè wúkọ́. Gbogbo rẹ̀ á dúró sọ́fun, èémí á máa gba àárín rẹ̀ kọjá, á máa dún bí ìkòkò tó ń hó. Àwa tí à ń gbọ́ ọ ló máa ń ni lára jù. Aláìsàn fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ojú rẹ̀ tutù, iwájú orí rẹ̀ kò hunjọ. Ìdí nìyẹn tí "ìpọ̀kàkà ikú" àti "rírì sómi" tí àwọn kan dábàá kò fi bá a mu: ẹni tó ń jà, tó ń jẹ̀rora, ni méjèèjì ń sọ. Bí ẹbí bá kà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ká ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun ká fi fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, rọ́bà tó bá sì wọlé jìn á máa ni ẹni náà lára lásán.

"Ìdún ọ̀fun" dára, àmọ́ láìsí àmì ohùn, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ìdun inú bẹ́ẹ̀dì lẹlòmíì máa kà.

"Èémí oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìgbẹ̀yìn" ni mo fara mọ́. Bí a bá yọ "ìgbẹ̀yìn" kúrò, ọmọ tí òtútù àyà mú náà ń mí èémí oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ìwé nọ́ọ̀sì ló máa wà. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn fún ẹbí: "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń dún lọ́fun wọn, wọn ò lókun àtigbé e mì mọ́. Ó lè má ju wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan lọ mọ́."

Ti oògùn ló ká mi lára jù. "Amúkẹ̀lẹ̀bẹ̀gbẹ" tí ẹ fẹ́ máa pe oògùn tí à ń fún wọn nítorí ìró yìí kò tọ̀nà rárá. Hyoscine butylbromide, ìyẹn Buscopan tí à ń rà fún inú rírun, àti glycopyrronium, ṣe ni wọ́n ń dá ọwọ́ àwọn ẹṣẹ́ tó ń pọ itọ́ dúró. Èyí tó ti wà lọ́fun tẹ́lẹ̀, wọn kì í kàn án. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Netherlands lọ́dún 2021, wọ́n ń fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́ hyoscine butylbromide kí ìró náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá: ó bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí oògùn náà gbà. Ẹ pè é ní "adínkẹ̀lẹ̀bẹ̀kù". Bí a bá ní ó ń mú un gbẹ, ọmọ aláìsàn á jókòó ti abẹ́rẹ́ náà, á máa retí kí ọ̀fun dákẹ́, bí kò bá sì dákẹ́, á ní a ò mọ iṣẹ́. Ẹnu gan-an ló ń mú gbẹ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òwú tútù pa ètè wọn.

Ohun tó ń ran èyí tó ti wà lọ́fun lọ́wọ́ ni kí a yí aláìsàn. Ẹnìkan pè é ní "ipò ìmúbọ̀sípò", ìyẹn "recovery position" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ dákun, ẹ yọ ìyẹn kúrò, ó ń ṣèlérí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Yorùbá ti ní "fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀". A ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn wọn, a ó gbé orí sókè díẹ̀, a ó tẹ́ táwẹ́lì sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì máa ti igun ẹnu ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ìró náà á rọlẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé rárá.

Ó ku ohun kan. Ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, kí ni àwọn ìyá àgbà yín ń pe ìró yìí? Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà nílé tí kò dárúkọ ikú, n ó yọ tèmi kúrò.