Bẹ́líìtì ń bọ́ lórí gíráńdà àfọwọ́ṣe, kí ló dé?

Ọmọ Agbẹ̀dẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Gíráńdà tí mo fẹ́ máa fi ṣe ọ̀bẹ nìyí. Bẹ́líìtì rẹ̀, ìyẹn sáńpépà gígùn tó ń yí po láti fá irin, fẹ̀ ní ínṣì 2, ó gùn ní ínṣì 72. Wíìlì mẹ́rin ló ní: ọ̀kan lẹ́nu motor (ínṣì 4), ọ̀kan lókè tí sípíríǹgì ń tì, méjì níwájú, lókè àti nísàlẹ̀ irin tí bẹ́líìtì ń fẹ̀yìn tì. Gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Motor jẹ́ hp 1 (agbára ẹṣin kan), 1,400 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Kí n tó ka mẹ́wàá, bẹ́líìtì ti rìn lọ sósì, ó ti bọ́. Nígbà tí kò bá tiẹ̀ bọ́, kì í jẹ irin.

Afárin: Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́: gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó bá ga jù lára wíìlì ni bẹ́líìtì máa ń gùn lọ. Ẹ gbé wíìlì òkè tí sípíríǹgì ń tì padà sí lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè fá a, kí wọ́n fá etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ kí àárín lè yọ ikùn. Kí àárín fi mílímítà 1 sí 1.5 ga ju etí lọ ti tó. Ti ẹnu motor náà lè ní ikùn, kò burú. Àmọ́ ẹ má fún méjì iwájú ní ikùn rárá, bẹ́líìtì á wú láàárín, ojú ọ̀bẹ ò sì ní tẹ́.

Wíìlì òkè yẹn gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ gbé e sórí hínjì, kí bóòtì M8 kan (tó nípọn ní mílímítà 8) máa tì í lẹ́yìn. Hínjì ilẹ̀kùn lásán ò dáa, ó ń jì. Tó bá ti ń jì, bẹ́líìtì á máa lọ á máa bọ̀. Ẹ fọwọ́ yí wíìlì, kẹ́ ẹ máa yí bóòtì díẹ̀díẹ̀ títí bẹ́líìtì á fi dúró sójú kan, kẹ́ ẹ tó tan iná.

Etí Ọ̀bẹ: Ti àìjẹ irin, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àyíká wíìlì ínṣì 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 32. Ní 1,400 rpm, bẹ́líìtì ń sá nǹkan bíi mítà 7.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Motor 2,800 rpm á sọ ọ́ di 15, ìyẹn ló ń jẹ irin. Àmọ́ hp 1 ò ní gbé e tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn gidi, hp 1.5 sí 2 ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ má ju ti 1,400 yẹn nù o, òun ló dáa fún ọ̀bẹ tí wọ́n ti kì bọ epo kó lè le. Tí etí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ bá ti di búlúù, ó ti gbóná tó nǹkan bíi 300°C, ó ti rọ̀ nìyẹn. Ẹ máa tì í bọ omi. Bí omi ara rẹ̀ bá ti ń gbẹ dé etí, ẹ tún tì í bọ̀ ọ́.

Ọmọ Agbẹ̀dẹ: Ẹ ṣeun gan-an. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń dúró. Ṣé àìlágbára motor náà nìyẹn?

Afárin: Kí ló dúró? Bí wíìlì ẹnu motor bá ṣì ń yí tí bẹ́líìtì dúró, sípíríǹgì ló rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ kú, motor ni. Ẹ wo inú bẹ́líìtì náà: tí ọfà bá wà níbẹ̀, ibi tó kọjú sí ni kó máa sá lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ìsopọ̀ rẹ̀ á ṣí. Níwájú yín, ìsàlẹ̀ ni kó máa sá lọ.

Etí Ọ̀bẹ: Kí motor náà má ní ihò lára o. Eruku irin ń gbé iná, tó bá wọ àárín wáyà, motor jó nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fá èèkù onígi níbẹ̀, ẹ gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò kẹ́ ẹ tó padà sórí irin. Bí iná tó ń ta lára irin bá bọ́ sí i, ó lè máa jó lábẹ́lẹ̀ fún wákàtí kan láìyọ ọwọ́ iná.