Ọmọ mi ọdún méjì ń gbá àbúrò rẹ̀ létí tí mo bá ń fún un lọ́mú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Apẹ́tẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Aago méjì òru ti kọjá, ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ èyí, ọmọ wà ní ọwọ́ kejì, ẹ má wo àṣìkọ.

Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 2 àti oṣù 4. Àbúrò rẹ̀ obìnrin pé ọ̀sẹ̀ 9 lánàá. Kí n tó bí èyí, ọmọ jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n yìí. Òun gan-an ló máa ń fi orí kanlẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn, tí á máa wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ìyá ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín pé ó ń pe àbúrò. Àbúrò tó pè ti wá dé, ó ní kó padà síbi tó ti wá.

Bí mo bá ti jókòó báyìí pé kí n fún ọmọ lọ́mú, ibi yòówù kó wà, á sáré dé, á gbá a létí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ti ìka bọ̀ ọ́ lójú. Ó ti tún ń tọ̀ sára, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń jókòó sórí póò fúnra rẹ̀. Àmàlà tí ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, àfi kí n bọ́ ọ. Ó tún ń béèrè ọmú, ọmú tí mo ti já a lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti pé ọdún kan àbọ̀.

Ti àná ló dẹ́rù bà mí jù. Mo lọ fa omi lẹ́nu kànga, n ò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, mo wọlé, mo bá bisikíìtì lẹ́nu ọmọ ọ̀sẹ̀ 9. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń jẹun." Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ Ẹtì ló ń dé, ìdájí Ajé ló ń padà. Ìyá ọkọ mi wá bá mi wẹ ọmọ, wọ́n lo ogójì ọjọ́, wọ́n ti padà sí Ìṣẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, aṣọ oníbàárà ń bẹ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n má tiẹ̀ sọ tìyẹn. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti pariwo mọ́ ọn, mo ti nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo nà án tán, èmi náà sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Wọn ò tí ì rí ìbejì mi nígbà yẹn ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn pín, Táyé á sùn kí Kẹ́hìndé lè jí. Ẹ̀gbọ́n wọn ò sì tí ì pé ọdún mẹ́ta.

Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́: má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga fún wọn lọ́mú mọ́. Tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí o fẹ̀yìn ti ògiri. Tó bá wà lórí àga, ńṣe ló dà bíi pé ẹ jọ gun òkè lọ, tí ẹ fi í sílẹ̀ nísàlẹ̀. Orí ẹní, ẹ̀gbẹ́ rẹ kejì ṣófo, á lè fara tì ọ́. Ọwọ́ rẹ náà á sì tètè tó o kó tó nawọ́.

Onígbá Ọjà-Ọba

Ẹ̀yin ìyá òde òní! Ọmọ ọdún méjì ń lu ọmọ, ẹ ń tẹ́ ẹní fún un. Pàṣán kékeré ni oògùn ẹ̀, kí o gbé e sójú ibi tó ti lè máa rí i. Àwa mẹ́sàn-án ni ìyá wa bí, kò sí ẹni tó dán irú ẹ̀ wò. Tí o kò bá fẹ́ nà án, fún un ní ẹ̀pà díẹ̀ lọ́wọ́ kó máa jẹ tí o bá ń fún èkejì lọ́mú, ẹnu tó ń jẹun kì í jà.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

Àǹtí, ẹ má bínú, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ na ọmọ láti fi kọ́ ọ pé nínà ò dáa?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ̀pà kọ́ o, Onígbá! Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, ẹ má fún un ní ẹ̀pà oníhóró. Ó lè há a lọ́nà ọ̀fun, ó sì lè gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ńkọ́, mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ṣùgbọ́n ẹ ò parọ́ o, ẹnu tó ń jẹun kì í jà.

Aránṣọ, ọmọ mi, kí n tó sọ tèmi, dá mi lóhùn: ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a? Ṣé ọjọ́ tí o gbé ọmọ dé láti ọsibítù ni?

Aránṣọ Apẹ́tẹ́

Rárá, mà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ó ń wò ó ni. Ó tiẹ̀ máa ń fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta...

Ẹ dúró ná, mà. Ọ̀sẹ̀ tí màmá lọ ni.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ó ṣe mí bíi pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ta ló ń pọ̀n ọ́n tí màmá wà níbẹ̀? Àwọn ni. Ẹ̀yìn tìẹ ti di ti àbúrò, ó fi ẹ̀yìn ìyá àgbà rọ́pò, ìyẹn náà wọ mọ́tò, ó lọ sí Ìṣẹ́yìn. Èèyàn méjì ló sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nílẹ̀ tó lè rò pé ó fà á ni Àdùkẹ́ yín yìí (mo kàn sọ ọ́ lórúkọ ni o). Ọmọ ọdún méjì ò ní ẹnu tí á fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ní.

Nítorí náà, tí ọmọ bá ti sùn, kí o tó sáré fọ abọ́, mú ọ̀já, kí o pọ̀n ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ pé o bí fúnra rẹ ni o, tí wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ. Má pọ̀n ọ́n pẹ́. Rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, oríkì rẹ̀. Mélòó lára àwọn tó ń wá kí yín ló ń rántí kì í? Wọ́n á ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, "Àdùkẹ́ ò!", wọ́n á gba orí ọmọ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn kọjá. Kí o pàdé àlejò níta, kí o sọ fún un pé kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Ìwọ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun ni kí o kọ́kọ́ kì, àbúrò ò tí ì mọ ìyàtọ̀.

Ti ìtọ̀, wọ pámpáàsì fún un padà, má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ọmú, tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, jẹ́ kó tọ́ ọ wò, kí àbúrò ti kọ́kọ́ yó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á máa fún ọmọ lọ́mú títí ọdún 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fà á. Á fẹnu kàn án, á bá eré tiẹ̀ lọ.

Bisikíìtì yẹn kì í ṣe ìkà. Ohun tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fún un. Ṣùgbọ́n ó lè pa ọmọ. Má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láwọn nìkan mọ́, kódà kí o kàn fẹ́ yà sí ilé ìyàgbẹ́. Pọ̀n àbúrò, fa ọ̀já dé ibi tí á ti gba ọrùn rẹ̀ dúró. Ti kànga yìí ò sì tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ kiri, kànga tí kò ní ìdérí tó ṣeé tì kì í ṣe ohun tó yẹ kó wà láyìíká rẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa bá ọ fa omi sílẹ̀ ní àárọ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fún ọmọ tuntun ní omi tàbí àgbo tàbí oyin kó lè sùn, kí ìwọ lè rójú gbọ́ ti èkejì, má dá a lóhùn. Ọmú nìkan, oṣù 6. Ohun tó lé ní 80 nínú 100 ọmú, omi ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 10. Ara ọmọ lè gbóná díẹ̀, á fẹ́ wà lọ́rùn rẹ tọ̀sán-tòru. Wá ẹni tó máa bá ọ mú ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Ẹkún tí o sun yẹn, tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ayélujára, lọ rí dókítà.

Bàbá Tèmi, Manchester

Ẹ kú ìrọ́jú o. Bàbá ni mí, ẹ jẹ́ kí n bá bàbá ẹlẹgbẹ́ mi wí díẹ̀. Nígbà tí a bí ìkejì níbí, kò sí ìyá àgbà, kò sí àbúrò ìyàwó. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ tuntun ni mo máa ń gbé kí n tó bọ́ bàtà, àgbà á dúró síbẹ̀ á máa wò mí. Ọjọ́ kan ó gbé bàtà mi jù sínú ilé ìyàgbẹ́.

Kí ọkọ yín gbé ẹ̀gbọ́n sọ́rùn lálẹ́ Ẹtì kó tó wo ojú àbúrò rárá. Kí òun àti ọmọkùnrin náà nìkan jáde ní Sátidé, ì báà ṣe kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì. Ìwọ náà á rí oorun sùn níbẹ̀.

Aránṣọ Apẹ́tẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Wẹ́rẹ́ ni mo bí, màmá Nọ́ọ̀sì, ẹkún náà ò sì tún wá mọ́. Mo máa padà wá ròyìn.

Aránṣọ Apẹ́tẹ́ *(lẹ́yìn ọjọ́ 15)*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti rí i lò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i.

Orí ẹní ṣiṣẹ́. Pípọ̀n ṣiṣẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ń ro mí. Ọmọ ará ilé kan ló ń bá mi fa omi báyìí, lánlọ́ọ̀dù sì ti ṣe ìdérí sí kànga lẹ́yìn tí mo fọ̀rọ̀ sí i lórí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọkọ mi ń gbé e jáde ní Sátidé. Ìyẹn á padà wálé pẹ̀lú ṣúwíìtì lẹ́nu, mo ń fojú fò ó.

Èyí tí kò ṣiṣẹ́ ni fídíò tí a fi pe màmá. Ó rí ojú wọn, ó fẹ́ wọnú fóònù, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Màmá náà ń sunkún ní Ìṣẹ́yìn. A pa á tì. Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ báyìí láràárọ̀, oríkì rẹ̀ ni wọ́n ń kì, "Àkànní ò, Àkànní mi." Á ní kí n tún un gbé, kí n tún un gbé.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, n ò rí ẹni mú un, ó bá wa lọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe gún àbúrò rẹ̀ nítan tí ìyẹn figbe ta, ó gbá nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹnu fi bẹ nọ́ọ̀sì. A délé, ó gbá àbúrò náà.

Kò tíì tán pátápátá, bí ẹ ṣe rí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni.

Ohun tuntun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. Ó ti gba ọ̀já àtijọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ọmọ odó kékeré tí mo fi ń gún ata ló ń pọ̀n kiri ilé. Á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, á fún un lọ́mú. Tó bá ṣe díẹ̀, á gbá a létí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa kìlọ̀ fún un lórí ìyẹn náà?

Onígbá Ọjà-Ọba

Ọmọ odó kì í sunkún. Jẹ́ kó máa gbá a. Kí o ṣáà ti fọ ata ẹnu rẹ̀ kúrò kó tó fún un lọ́mú.