Ta ló ti se YBCO rí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará, Ìlọrin ni mo wà. YBCO ni mò ń se fún prójẹ́ẹ̀tì mi, sẹ̀rámíìkì dúdú tí iná mànàmáná máa ń gba inú ẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan tó bá ti tutù dé bíi -180°C, mo po yttrium, barium àti copper ní 1:2:3, mo sun ún ní 930°C, àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ lóru tó yẹ kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ nínú ọ́síjìn! Ó dùn mí gan-an. Àwọ̀ ewé ti yọ lára ẹ̀ báyìí. Ṣé kí n lọ̀ ọ́ kí n tún un sun látìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ọ́síjìn ní 450°C nìkan ti tó? Ẹ tún bá mi wá ẹni tó ń ta náítírójìn olómi tí mo máa fi mú un tutù nítòsí, àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀ màlúù máa ń lò ó.