Kí la ó máa pe nǹkan tí Kathleen Drew-Baker kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀?

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé Kathleen Drew-Baker, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí nípa ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní algae, tí ọ̀kan nínú yín kọ lédè wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ó pe obìnrin náà ní "onímọ̀ koríko òkun". Ẹ̀gbọ́n kan ní ká kúkú kọ "ewéko inú omi". Ẹlòmíràn ní "ayọ̀mi" ló dára jù, torí pé nǹkan náà máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ayé rẹ̀ ṣe gan-an ló sì fà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí à ń wá orúkọ fún. Ẹ rántí àmù ẹ̀yìnkùlé. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí oòrùn sì ń pa á, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò: nǹkan kan á ti bo ara rẹ̀, ó tutù, ó ń yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀fọ́ tí a gún. Iyanrìn àti kànìnkànìn la fi ń ha á kúrò. Kò ní gbòǹgbò, kò ní ewé, kò ní òdòdó, síbẹ̀ ìtànṣán oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀ bí igi ṣe ń ṣe. Irú rẹ̀ kan wà lókun tó gùn ju ọ̀pẹ lọ. Ti inú àmù àti ti inú òkun yẹn, orúkọ kan náà là ń wá fún wọn.

Bí ẹ bá sọ pé "ewéko inú omi", ojúoró àti ọ̀ṣíbàtà ni yóò wá sí Yorùbá lọ́kàn. Àwọn yẹn ní ewé, wọ́n ní gbòǹgbò. Ní ti "ayọ̀mi", yọ̀ tó jẹ́ ti ìdùnnú àti yọ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀ yíyọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni wọ́n ní. Kò sí àmì tó lè yà wọ́n. Orúkọ ọmọ ènìyàn ni gbogbo ayé máa kà á sí.

Ẹ wá wo ìtàn náà. Ìlú Leigh, ní Lancashire, ni wọ́n ti bí Drew lọ́dún 1901. Yunifásítì Manchester ló lọ, ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ewéko pẹ̀lú èsì tó ga jù lọ́dún 1922, wọ́n sì gbà á sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ó fi ọdún méjì ṣe ìwádìí ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1928 ó fẹ́ ọkọ, òun náà olùkọ́ ní yunifásítì kan náà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó, torí òfin ilé ìwé náà kò gba obìnrin tó ti relé ọkọ láyè láti máa kọ́ni. Ìwádìí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ó ká mi lára pé ìlà kan péré ni ìtàn tí a kọ fi kan ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ ká fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ohun tí wọ́n ń pè ní Porphyra ló ń wò. Ní ìgbà òtútù, ó máa ń rí bí ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí àpáta etíkun, àwọn ará Wales sì ń sè é jẹ. Bí ooru bá dé, a ò rí i mọ́. Lọ́tọ̀, nǹkan kan wà tó máa ń ta bí àbààwọ́n pupa rúsúrúsú lára ìkarahun inú òkun. Láti ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ ti sọ ìyẹn ní Conchocelis rosea, wọ́n kà á sí ẹ̀dá ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1949 ni Drew kéde pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Horo Porphyra, ohun tó fi ń bí irú ara rẹ̀, tí ojú lásán ò lè rí, ló ń lu ìkarahun wọlé, tó sì ń gbé níbẹ̀. Ìrísí ló tan àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ méjì jẹ. Ṣé àwa náà á tún wá fi "ewé" àti "koríko" sọ ọ́ lórúkọ?

Ohun tó ń ṣe ni kí a fi sọ ọ́. Mo dábàá "ahùlómi": a hù ní omi. Ó gba èyí tó rí bí ewé, ó gba àbààwọ́n inú ìkarahun, ó gba ti inú àmù. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ojúoró náà ń hù lómi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóònù náà ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán, síbẹ̀ bí a bá ní "amóhùnmáwòrán", tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo wa mọ̀. Ìlò ló ń fún ọ̀rọ̀ ní ààlà. Ojúoró ti ní orúkọ tirẹ̀. Nǹkan yìí ni kò ní.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "Ìyá Òkun". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe Drew ní Japan, níbi tí Porphyra ti jẹ́ nórì, èyí tí wọ́n fi ń wé ìrẹsì. Àwọn àgbẹ̀ nórì a na àwọ̀n sínú òkun, wọn a máa retí, wọn ò mọ ibi tí horo ti ń wá. Sokichi Segawa, onímọ̀ kan ní Japan, ka iṣẹ́ Drew. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ìkarahun tọ́jú horo sínú ọpọ́n omi títí òtútù á fi dé. Lọ́dún 1963 wọ́n gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní ojúbọ Sumiyoshi, nílùú Uto. Ó ti kú láti 1957, kò sì fẹsẹ̀ tẹ Japan rí. Ní gbogbo ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ni wọ́n ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan nínú yín ń bẹ̀rù pé òǹkàwé á rò pé Yemọja là ń sọ. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ojúbọ ni wọ́n gbé e sí lóòótọ́.

Èyí tí mo bẹ̀bẹ̀ fún jù ni gbólóhùn inú ìtàn tí a kọ náà tó sọ pé nórì "máa ń kú nígbà ooru". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "kú" kúrò. Ẹ kọ ọ́ pé ó wọ inú ìkarahun lọ.